Ta Ló San Owó Tó Kù?

ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀
Bíbélì kíkà: 2 Sámúẹ́lì 23:13-17, Mátíù 17:24-27

    

Ọ̀rọ̀ tòní máa gùn díẹ̀ ju bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù pẹ̀lú mi. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti mú yín nínú ọkọ̀, ẹ máa kà á díẹ̀díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé màá kọ ọ́, ojú ló ń tì mí.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Mọ́tò tí à ń lọ rà ní Kútọ̀nù torí pé ó dínwó.

Ní ọdún 2022, owó kan wà lọ́wọ́ èmi àti ìyàwó mi. Ọdún mẹ́ta la fi dá a jọ, nínú àjọ àti nínú ohun tó ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó ilé àti owó ilé-ìwé. Sienna tòkúnbọ̀ la fẹ́ rà, ká lè máa fi kó àwọn ará lọ síbi ìwàásù òde, kí ìyàwó mi sì lè máa fi kó ọjà. Ẹ sì wò ó, Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé. Bí òru bá parọ́rọ́, mò ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú omi láti wọ́ọ̀fù Àpápá. Tin Can tí wọ́n ti ń já mọ́tò kalẹ̀ kò jìnnà sí mi rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè iye tí wọ́n ń ta Sienna níbi tí wọ́n to mọ́tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, owó mi kò débẹ̀.

Arákùnrin kan nínú ìjọ ló wá bá mi. Ó ní, "Ajíhìnrere, kí lẹ̀ ń da ara yín láàmú sí? Ẹ jẹ́ ká lọ Kútọ̀nù. Mọ́tò kan náà, ọdún kan náà. Wọ́n á bá yín gbé e wọlé, owó á tún ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́." Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, ohun tó máa ṣẹ́ kù náà tó owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi méjèèjì fún ọdún kan gbáko. Mo ní Olúwa ti gbọ́ àdúrà.

Mo lọ. Mo rí ọgbà mọ́tò lóríṣiríṣi, tó lọ salalu bí ọjà. Yorùbá ń dún níbẹ̀ bíi pé Ojúẹlẹ́gbà la wà. Mo yan èyí tó wù mí, mo san owó rẹ̀, mo san owó àwọn tó máa gbé e wọlé. Wọ́n wá fi ọmọkùnrin tó máa wà á hàn mí. Kò lè ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ. Nígbà tó gbọ́ pé ajíhìnrere ni mí, ó ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbàdúrà fún mi kí n tó wọ igbó."

Ẹ̀yin ará, mo gbàdúrà. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ní kí Ọlọ́run dí ojú gbogbo àwọn tó wà lọ́nà, kí wọ́n má rí i. Mo ṣe àmín, mo wọ ọkọ̀ èrò, mo gba Sẹ̀mẹ̀ padà sílé. Ní òru ọjọ́ kẹrin, mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà mi pẹ̀lú pépà rẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi, mo bọ́ síwájú ìjọ, mo jẹ́rìí. Mo ní Ọlọ́run tí mò ń sìn ló ṣe é, Ó ra mọ́tò fún mi, Ó tún dá owó padà sí mi lápò. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n lu ìlù, a jó.

Lẹ́yìn ìsìn, màmá kan tó ń se oúnjẹ tà nítòsí wọ́ọ̀fù pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó kí mi kú oríire, ó ní mọ́tò náà á pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó wá ní, "Ajíhìnrere, owó tó kù lọ́wọ́ yín yẹn, ta ló bá yín san án?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó san án o. Ó dínwó ni."

Màmá ní, "Ọmọ mi ọkùnrin wà lára àwọn tó ń wa mọ́tò gba inú igbó. Òru tó bá ti lọ, mi ò kì í sùn." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sílé.

Ìdáhùn tí mo fún màmá yẹn ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò láàárọ̀ yìí. Ṣé lóòótọ́ ni kò sẹ́ni tó san owó tó kù?

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí òfin sọ, kí ẹnikẹ́ni má ba à sọ pé mò ń fi ìwàásù dí òwò lọ́nà. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti ra ọjà ní Kútọ̀nù. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti wá ohun tó dínwó. Ìyàwó rere inú ìwé Òwe pàápàá ń mú oúnjẹ rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Kí ọdún 2017 tó dé, èèyàn lè wa mọ́tò gba ẹnu bodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé, kó san owó kọ́sítọ́ọ̀mù níbẹ̀, kó sì gba ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017, mọ́tò kankan, ì báà jẹ́ tuntun, ì báà jẹ́ tòkúnbọ̀, kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Èbúté ojú omi nìkan ni kó gbà.

Ohun tó túmọ̀ sí nìyí: bí mo bá ra mọ́tò ní Kútọ̀nù, tí wọ́n wà á gba orí ilẹ̀ wá sí Ajégúnlẹ̀, àfi kó jẹ́ pé inú igbó ló gbà, tàbí kó jẹ́ pé ẹnì kan gba rìbá lójú ọ̀nà. Bí ó bá sì ní pépà kọ́sítọ́ọ̀mù, pépà náà ń purọ́ ni, torí pé kò sí ibi tí wọ́n ti lè fún un ní pépà òótọ́.

Àwọn bàbá wa ti sọ iṣẹ́ yìí lórúkọ tipẹ́: fàyàwọ́. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa. Ẹni tó ń fi àyà wọ́ nílẹ̀ kí wọ́n má ba à rí i. Nínú Jẹ́nẹ́sísì, ejò ni wọ́n fi fífi àyà wọ́ ṣe ègún fún. Ọmọ ènìyàn ni Ọlọ́run dá pé kó dìde dúró. Báwo ni èmi tí mò ń wàásù pé ká rìn nínú ìmọ́lẹ̀ ṣe wá san owó fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó bá mi fi àyà wọ́ nínú òkùnkùn?

Ibi tí Dáfídì ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ẹ ṣí ibi kíkà wa àkọ́kọ́. Inú ihò Ádúlámù ni Dáfídì wà, àwọn Filísítínì sì ti gba Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ìlú rẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó kàn sọ ọ́ lẹ́nu pé omi kànga tó wà lẹ́nu bodè Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ń wu òun mu. Kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ o. Àwọn akọni mẹ́ta gbọ́, wọ́n là àárín ogun kọjá, wọ́n fa omi náà, wọ́n gbé e wá. Ẹ wo ohun tí Dáfídì ṣe: kò mu ún. Ó dà á sílẹ̀ níwájú Olúwa. Lójú rẹ̀, kì í ṣe omi mọ́, ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fi ẹ̀mí ara wọn wewu ni.

Mo ti ka ibẹ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ nǹkan kan wà tí mi ò rí rí kí màmá tó bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn dé láyọ̀! Kò sẹ́ni tó kú nínú wọn. Kò sẹ́ni tó fara gbọgbẹ́ tí Bíbélì sọ. Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ̀rí ni màá jẹ́, màá ní Ọlọ́run bò wọ́n lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Dáfídì kò wo bí omi ṣe dé. Ó wo ohun tí wọ́n fi rà á. Pé wọ́n dé láyọ̀ kò sọ ọ́ di omi lásán.

Èmi wá ńkọ́? Dáfídì kò rán wọn, èmi rán ọmọ yẹn. Dáfídì kò san owó fún wọn, èmi sanwó. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ìròyìn mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Ìdí-Irókò, Ìmẹ̀kọ àti gbogbo ilẹ̀ Yewa. Lọ́pọ̀ ìgbà la ti gbọ́ pé ìbọn dún lójú ọ̀nà ibẹ̀. Onífàyàwọ́ ti kú. Kọ́sítọ́ọ̀mù tí òun náà ní ìyàwó àti ọmọ nílé ti kú. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ níwájú ilé rẹ̀, tí kò ra mọ́tò, tí kò ta mọ́tò, òun náà ti kú. Gbogbo ewu wọ̀nyẹn wà nínú ẹ̀dínwó tí mo gbà. Ìdí tó fi dínwó nìyẹn. Kì í ṣe ọgbọ́n mi ló mú un dínwó.

Ẹlòmíì lè sọ pé, "Ajíhìnrere, èmi kọ́ ni mo wà á, èmi rà á ni tèmi." Yorùbá ti dá wa lóhùn: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó máa rà á, kò sẹ́ni tó máa wọ igbó lóru.

Àwọn mìíràn tún wà tó bá mi san lára owó tó kù yẹn. Ẹ rántí ibi tí à ń gbé. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ wọ́ọ̀fù Àpápá ni àwọn èèyàn ti ń wá láti ibi gbogbo láti wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n ń gbé Ajégúnlẹ̀. Tin Can dé ní ọdún 1977, iṣẹ́ tún pọ̀ sí i. Ajé gúnlẹ̀: ibi tí ọrọ̀ ti gúnlẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gúnlẹ̀. Ta ni kò mọ ẹnì kan nínú ìjọ wa tó ń jẹun láti wọ́ọ̀fù? Àwọn tó ń já ẹrù, àwọn ajẹ́ńtì, àwọn awakọ̀, àwọn rewáyà, àwọn tó ń ta rẹ́kọ́dà, àwọn màmá olóúnjẹ. Ẹ bi àwọn ajẹ́ńtì wa léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí gúnlẹ̀ sí Kútọ̀nù dípò ibí. Wọ́n á sọ fún yín. Mọ́tò kọ̀ọ̀kan tó gba inú igbó wọlé, ó ti fo ẹnu ọ̀nà wọn kọjá. Èmi tí mò ń gba ìdámẹ́wàá nínú owó tí wọ́n rí ní wọ́ọ̀fù, èmi náà ni mo lọ ra mọ́tò níbi tí kò ti ní kàn wọ́n. Bí mo bá rò ó báyìí, ara mi máa ń bù máṣọ.

Ẹ̀kẹta, ẹnu mi san nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn kan dá wa dúró ní Mile 2, wọ́n béèrè pépà. Mo gbé e fún wọn. Wọ́n ní níbo ni mọ́tò yìí ti wọlé? Mo ní Tin Can. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dá a padà, wọ́n ní ká máa lọ. Ọmọbìnrin mi wà lẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́jọ. A ò tíì rìn jìnnà tó fi ní, "Dádì, ṣebí Kútọ̀nù lẹ lọ?" Mo ní kó dákẹ́. Ó dákẹ́ lóòótọ́. Títí a fi délé, kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ọmọ ń kọ́ nǹkan ni.

Irọ́ pépà kì í ṣe irọ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó jí iṣu, ó lè ronú pìwà dà lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n mọ́tò onípépà irọ́, ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá ti ṣíná sí i, ó ń tún irọ́ náà pa ni. Irọ́ lè sá fún ogún ọdún o, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ní èsì lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ, torí pé èmi náà ti fún ara mi ní gbogbo èsì wọ̀nyẹn rí.

Àkọ́kọ́: "Àwọn òyìnbó ló fa ìlà yẹn." Òótọ́ ni. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé jọ fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi pín ilẹ̀ yẹn láàárín ara wọn. Wọn ò bi wá. Ìlà náà fi Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ sí ọ̀hún, ó fi àwa sí ìhín, ọmọ ìyá kan náà ni wá. Ó dun èèyàn. Ṣùgbọ́n kí òyìnbó tó dé, ṣé ìlú Yorùbá kò ní bodè ni? Oníbodè wà, oníṣòwò tó bá dé ẹnu bodè á sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, á sanwó kó tó wọlé. Àwọn tó ń dọ́gbọ́n yà fún oníbodè wà nígbà náà pẹ̀lú, àwọn bàbá wa kò sì pè wọ́n ní ọlọ́gbọ́n. Òyìnbó ló fa ìlà o, òyìnbó kọ́ ló ní kí n purọ́ ní Mile 2.

Ìkejì: "Ìjọba yìí náà ńkọ́? Kí ni wọ́n ń fi owó ṣe?" Ẹ̀yin ará, ta ló máa bi àwa ará Àpápá ní ìbéèrè yẹn? Àwa tí tírélà dí ọ̀nà wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí aláìsàn ń kú sójú títì kó tó dé ọsibítù? Àwa tí a mọ ohun tí ojú wa rí nígbà tí wọ́n ti bodè ilẹ̀ pa láti ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, tí ìyà sì jẹ ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò ṣe fàyàwọ́ rí? Mi ò ní parọ́ fún yín pé ìjọba mọ́. Mi ò ní sọ pé gbogbo òfin ló dára.

Ìkẹta: "Owó orí mọ́tò ti pọ̀ jù." Òun náà lè jẹ́ òótọ́. Nínú ètò tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọdún 2013 láti ran àwọn tó ń to mọ́tò pọ̀ nílé lọ́wọ́, owó orí mọ́tò tuntun tó ń ti òkè òkun bọ̀ di 70%: 35% owó kọ́sítọ́ọ̀mù, 35% mìíràn lé e lórí. Àwọn èèyàn pariwo. Àwọn ajẹ́ńtì pariwo, àwọn oníṣòwò pariwo, wọ́n kọ ìwé, wọ́n lọ sí Àbújá. Nígbà tó yá, òfin Finance Act 2020 fa owó tó wà lórí yẹn sílẹ̀ sí 5%. Òótọ́ ni pé wọ́n tún yí i padà lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: àwọn tó dìde dúró tí wọ́n sọ̀rọ̀ ni ìjọba gbọ́ ohùn wọn. Ẹni tó bá ń fi àyà wọ́ nínú igbó, ohùn wo ló ní? Kò lè sọ pé òfin yìí burú, torí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun wà níbẹ̀.

Ibi tí Jésù ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ibi kíkà wa kejì. Kápánáúmù ni wọ́n wà, ìlú ẹ̀gbẹ́ bodè, ibi tí Mátíù ti ń jókòó gba owó òde tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń gba owó tẹ́ńpìlì bi Pétérù bóyá ọ̀gá rẹ̀ máa ń san án. Pétérù ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó wọlé, Jésù ló kọ́kọ́ bá a sọ ọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ọmọ ni àwọn ọba ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àbí àlejò. Ó wá là á mọ́lẹ̀ pé àwọn ọmọ kì í san. Ẹ gbọ́ o: Jésù gbà pé owó yẹn kò tọ́ sí òun! Ó ní àwíjàre. Àwíjàre Rẹ̀ sì dára ju èyíkéyìí tí èmi àti ẹ̀yin lè ní lọ. Àwọn tó ń ṣe olórí tẹ́ńpìlì tí owó yẹn ń lọ, àwọn ló padà pa Á.

Kí ló wá ṣe? Ó rán Pétérù lọ sí òkun, ibi iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní kó mú ẹja, kó ṣí ẹnu rẹ̀, á rí owó fàdákà kan níbẹ̀, kó lọ fi san án. San án fún ta ni? Fún èmi àti ìwọ.

Mo fẹ́ kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò dáadáa, torí pé òun ló dá mi lẹ́jọ́. Jésù tó ní ẹ̀tọ́ pé kó má san, Ó san tirẹ̀, Ó tún san ti ẹlòmíì. Èmi tí kò ní ẹ̀tọ́ yẹn, n kò san tèmi, mo tún jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ, ará àdúgbò mi àti màmá tí kì í sùn lóru bá mi san án. Ohun tí mo pè ní ìbùkún Olúwa nìyẹn.

Àwíjàre lè dára. Kí a wí i síta. Kí a dìbò. Kí a dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n àwíjàre kò lè sọ irọ́ di òtítọ́, kò sì lè sọ ẹ̀mí ẹlòmíì di ohun tí mo lè fi dín owó ọjà kù.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí mọ́tò náà já sí. Ní ọdún 2024, ìjọba fún àwọn tí kò tíì san owó kọ́sítọ́ọ̀mù mọ́tò wọn láàyè láti wá san án, láti ọjọ́ 4 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 5 oṣù keje, pẹ̀lú owó ìtanràn 25% lórí rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́, oorun dá lójú mi. Mo bá ìyàwó mi sọ ọ́. Ó pẹ́ kó tó dáhùn, ó wá ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ san án." A kó àjọ, a yá díẹ̀ kún un, a san án. Kí n tó lọ san án, mo tún dúró níwájú ìjọ, mo ní ẹ̀rí tí mo jẹ́ lọ́jọ́sí, kì í ṣe Olúwa ló ṣe é, kí wọ́n dárí jì mí. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìyẹn le ju owó lọ.

Owó tó kù yẹn ti lọ tán pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kọ́ nìyẹn o. Kì í ṣe pé mo pàdánù ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kò dáa. Bí wọn ò bá tiẹ̀ mú mi títí ayé, bí èrè náà bá ṣì wà lápò mi lónìí, ìbéèrè màmá ṣì máa dúró níbẹ̀ ni.

Mo wá ọmọkùnrin tí mo gbàdúrà fún yẹn. Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Mo ṣì ń gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n àdúrà ọ̀tọ̀ ni. Ọmọ màmá ní tiẹ̀ ti fi igbó sílẹ̀. Bàbá kan nínú ìjọ tó ní ọkọ̀ akẹ́rù fún un níṣẹ́. Màmá ń sùn báyìí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká mú nǹkan mẹ́ta dání lọ lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra mọ́tò, tàbí fóònù, tàbí ohunkóhun tó dínwó ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó: ta ló máa san owó tó kù? Bó bá jẹ́ pé ọjà náà pọ̀ lọ́hùn-ún ni ó fi dínwó, ẹ rà á pẹ̀lú ọpẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan máa fi ẹ̀mí rẹ̀ tàbí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ san án, ẹ fi í sílẹ̀. Sáàtì ọdún kan sí i kò burú. Dánfó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀yin tí ó ti wà nílé yín bíi tèmi, mi ò dá yín lẹ́jọ́. Ẹ má kàn dákẹ́. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ òfin bí ẹ ṣe lè tún un ṣe. Sákéù kò dúró kí wọ́n wá mú òun kó tó sọ pé òun máa dá owó padà.

Ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún ní iṣẹ́, ní ọkọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo àwọn ọmọ tó wà ní àdúgbò wa. Bí a bá ní kí wọ́n má wọ igbó mọ́, ó yẹ ká fi ọ̀nà mìíràn hàn wọ́n. Ìwàásù láìsí iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí màmá kankan sùn.

Gbèsè kan ṣoṣo wà tí ẹlòmíì bá wa san, tí ó yẹ ká fi ayọ̀ gbà. Ẹni tó san án, kò sẹ́ni tó fi agbára mú un, a kò sì tàn án jẹ. Ó mọ iye rẹ̀, Ó fi ara Rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba, lórí òkè. Kò fi àyà wọ́. Ẹni tí wọ́n ti san irú gbèsè yẹn fún, kò tún yẹ kó máa gbé tirẹ̀ lé ẹlòmíì lórí.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà:

Baba wa, o ṣeun tí O san gbèsè wa. Dárí jì wá níbi tí a ti pe èrú ní ìbùkún. Dáàbò bo àwọn ọmọ tó wà nínú igbó ní òwúrọ̀ yìí, mú wọn jáde, kí O sì fún wọn ní iṣẹ́ tó ní ọjọ́ ọ̀la. Rántí àwọn òṣìṣẹ́ bodè àti ìdílé wọn. Fún àwọn tó ń ṣe òfin ní ọkàn tó ń ṣàánú mẹ̀kúnnù. Kí Ajégúnlẹ̀ jẹ́ ibi tí ajé ti ń gúnlẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Kọ́ ẹnu wa ní òtítọ́, kí ojú má tì wá níwájú àwọn ọmọ wa. Lórúkọ Jésù la gbàdúrà. Àmín.

 Bí ọ̀rọ̀ yìí bá bá ẹnì kan tí ẹ mọ̀ mu, ẹ fi ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kà á fún ara yín.